Ọ́ìlì tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́: ibi tó ń kán sí kọ́ ló ti ń jò

Tí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ń jò, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ́ìlì ti rí àyè gbà jáde níbi tí irin méjì ti pàdé. Ìpàdé irin yìí pín sí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni ibi tí nǹkan kan kì í ti í yí, bíi tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì lókè, àti sọ́ǹpù, ìyẹn àwo tí ọ́ìlì ń gbára jọ sí nísàlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń dí ibẹ̀, ì báà jẹ́ ti kọ́ọ̀kì, ti pépà tàbí ti rọ́bà. Èkejì ni ibi tí irin ti ń yí, bí iwájú àti ẹ̀yìn kráńkì ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì síìlì ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kì í gba iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn tó dé ìdí síìlì ẹ̀yìn kráńkì, ó lè gba pé kó sọ gíá bọ́ọ̀sì tàbí odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Nítorí náà, síìlì ẹ̀yìn ló yẹ kéèyàn fura sí kẹ́yìn.

Ká sọ òótọ́, àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọn ò ṣe kó má jò rárá. Ẹ̀yìn kráńkì ọkọ̀ MGA kò ní síìlì tó fara kan irin. Ìlà yíyí ni wọ́n gbẹ́ sára kráńkì náà, tó ń dá ọ́ìlì padà sínú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ìlà náà dẹ́kun iṣẹ́, ọ́ìlì díẹ̀ á sì yọ́ jáde. Jaguar E-Type 4.2 ní tirẹ̀ lo okùn tí wọ́n fi gíráfáìtì kùn. Volkswagen Beetle ní páìpù 8 lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pá tó ń ti fáàfù gba inú wọn kọjá. Rọ́bà wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, bí ooru bá sì ti sọ rọ́bà wọ̀nyẹn di líle, wọ́n á máa jò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kán. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì fàmì sí i níbi tí táyà iwájú wà, kẹ́ ẹ lè mọ apá ibi tí ẹ̀kán náà bọ́ sí. Ọ́ìlì gíá nípọn ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́. Ọ́ìlì gíá ọlọ́tọmátíìkì sábà máa ń pupa. Omi radiétọ̀ á gbẹ tó bá yá, ọ́ìlì ò ní gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, tí wọ́n á sì lọ ra ohun tí ọkọ̀ wọn ò nílò. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wá sísàlẹ̀, atẹ́gùn ìrìn ọkọ̀ á tún fẹ́ ẹ sẹ́yìn, títí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ á fi rin gbindin. Bẹ́ẹ̀ ni sọ́ǹpù ṣe ń jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi náílọ́nù wé dísítríbútọ̀ àti kabúrétọ̀, ẹ fi oògùn tó ń ṣí gírísì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá bu àtíkè lásán sí ibi tẹ́ ẹ fura sí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Níbi tí àtíkè bá ti ṣú, èyí tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù, ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró.

Ẹ wo àwọn kékeré kó tó kan àwọn ńlá. Suwíìṣì tó ń tan iná ọ́ìlì níwájú awakọ̀ lè là láàárín, ọ́ìlì á sì máa gba inú ike rẹ̀ tú jáde. Tí wọ́n bá pààrọ̀ fíltà, rọ́bà fíltà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì ki tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì ò ní jẹ́ kó dí dáadáa. Wáṣà ìdí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì nù àti ìdí dísítríbútọ̀ náà wà lára wọn.

Kẹ́ ẹ tó ra gásíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ wo bríìdà, ìyẹn ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Èéfín díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnnì wọ inú sọ́ǹpù, ó sì gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Lára ọkọ̀ àtijọ́, páìpù kan tó kọjú sílẹ̀ ló ń gbé e jáde. Nígbà tó di ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáàfù tó ń dá èéfín náà padà sínú ẹ́ńjìnnì sára ọkọ̀ tuntun ní California. Èyí ó wù kó jẹ́, tí ìdọ̀tí bá dí i, ẹ́ńjìnnì á dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa lórí iná, èéfín á sì máa ti ọ́ìlì gba gbogbo ojú síìlì. Ẹ lè pààrọ̀ gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì, kó ṣì máa jò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́: tí èéfín bá ń tú jáde gan-an tẹ́ ẹ sì rí i pé bríìdà mọ́, ẹ wọn agbára síláńdà, torí ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti jẹ.

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló máa ń jò jù, ọwọ́ líle ló sì máa ń bà á jẹ́. Ó ń jò díẹ̀, wọ́n fún bóòtù le. Ó tún jò, wọ́n tún fún un. Irin pẹlẹbẹ náà á wá wọnú níbi ihò bóòtù, á sì ga láàárín bóòtù kan sí èkejì. Ẹ tú u, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí gíláàsì, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ẹ gbé e lé igi líle, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré lu ojú ihò náà títí á fi tẹ́. Ẹ nu ojú méjèèjì títí kò fi ní ọ̀rá mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, torí náà ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó ha á, ẹ má jẹ́ kó kù lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀kì tuntun mọ́ kọ́fà nìkan, kẹ́ ẹ fún bóòtù níwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Sílíkóònù púpọ̀ kì í ṣe àfikún agbára. Èyí tó bá yọ sínú lè já, kó lọ dí ajọ̀ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì.

Ní ti síìlì iwájú, ẹ fi èékánná fa ara púlì kí ẹ tó ki tuntun. Tí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, síìlì tuntun á jò bíi ti àná, àfi tẹ́ ẹ bá ki òrùka irin tín-ín-rín bò ó tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ púlì. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì láti mú rọ́bà wú lè dín in kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ ṣe fún kọ́ọ̀kì tàbí okùn.

Ẹ̀kán kan tàbí méjì lálẹ́ lára ẹ́ńjìnnì onílà yíyí, ẹ máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì lórí géèjì, kẹ́ ẹ sì máa lò ó lọ. Èyí tó ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná yàtọ̀, torí ó lè gbiná. Èyí tó ń rin klọ́ọ̀ṣì náà yàtọ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni kẹ́ ẹ tún ṣe kí ọkọ̀ náà tó tún jáde.