Níbo ni àwọn ẹyẹ Yúróòpù ń lọ nígbà òtútù?

Ìbéèrè: Bí òjò bá ti ń dá, tí ọyẹ́ ń bọ̀, a máa ń rí ẹyẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, tí a kì í rí ní oṣù Keje. Ibo ni wọ́n ti ń wá?

Ìdáhùn: Púpọ̀ nínú wọn ń ti Yúróòpù wá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń kọ́ ìtẹ́ sí ilé ẹran àwọn àgbẹ̀ Faransé àti Jámánì a máa gbéra ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, a fò kọjá lórí òkun Mẹditaréníà, a sì la aṣálẹ̀ Sàhárà já, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ. Àwọn kan ń dúró sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn mìíràn ń bá a lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ẹyẹ etí omi náà ń sọ̀ sí àbàtà odò Ouémé àti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí ó ti wà lábẹ́ Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ àbàtà, láti ọdún 2000. Ó yẹ kí a mọyì àbàtà yìí ju bí a ti ń ṣe lọ.

Ìbéèrè: Ṣé òtútù ló ń lé wọn?

Ìdáhùn: Ebi ni, ju òtútù lọ. Ìyẹ́ ara ẹyẹ lè gba òtútù púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ń jẹ kóró fi ń dúró sí Yúróòpù nínú òjò dídì. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fò kì í sí nígbà náà, òun sì ni oúnjẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá wá béèrè ìdí tí wọn kò fi kúkú jókòó sọ́dọ̀ wa, kí ó rántí pé nígbà ooru ní Yúróòpù, ojúmọ́ ibẹ̀ gùn ju tiwa lọ, kòkòrò pọ̀, òbí sì ráyè wá oúnjẹ fún ọmọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìbéèrè: Lékèélékèé tí ń tẹ̀lé màlúù Fúlàní ní Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Inú Áfíríkà níbí ni òun ti ń rin tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń wá sí gúúsù, ó ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù bá ta sókè. Nígbà òjò, ó padà sí àríwá láti yé ẹyin.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ibí ni wọ́n ń wá?

Ìdáhùn: Ní ọdún 1822, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní Jámánì tí ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ṣì gún ọrùn rẹ̀ já. Ó ṣì wà ní yunifásítì Rostock. Ní 1899, Hans Christian Mortensen ní Dẹ́máàkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tí a kọ nǹkan sí bọ ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí ẹni tí ó bá rí i níbòmíràn lè mọ ibi tí ó ti wá.

Ìbéèrè: Ta ní ń fi ọ̀nà hàn wọ́n?

Ìdáhùn: Wọ́n ń wo oòrùn àti ìràwọ̀, wọ́n sì ń mọ agbára òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, lára. Ọmọ àkọ̀ máa ń tẹ̀lé àgbà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà ní Yúróòpù tí ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn, tí yóò sì ti lọ kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò jìnnà. Ọmọ náà ń dá rìn, ó sì ń dé àárín gbùngbùn Áfíríkà láìsí olùkọ́, nítorí pé a bí ìmọ̀ ọ̀nà náà mọ́ ọn ni.