Oògùn Ló Ń Yan Ìgò Abẹ́rẹ́

Ìgò abẹ́rẹ́ jọra púpọ̀. Bí a bá to mẹ́ta sórí tábìlì ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìsọlọ̀ tàbí Ìkẹjà, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tí oògùn máa jẹ lára nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ rọ sínú rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò, kí a tó béèrè iye owó.

Yanrìn ni a ń yọ́ ṣe gíláàsì. Kí yanrìn lè tètè yọ́, wọ́n ń po sódà mọ́ ọn, ìbátan káún tí à ń fi se ewédú. Sódà yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí omi bá pẹ́ nínú ìgò, á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, omi náà á sì máa dà bí omi éérú. Gíláàsì báyìí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò mínírà, là ń pè ní Oríṣi Kẹta. Kò burú fún ìyẹ̀fun gbígbẹ àti oògùn tí a fi òróró pò, torí kò sí omi tó máa fa sódà jáde. Oríṣi Kejì kò yàtọ̀ sí i, àfi pé wọ́n ti fi imí ọjọ́ yọ sódà kúrò lójú inú ìgò nígbà tó ṣì gbóná. Ó gba oògùn olómi tó bá kan díẹ̀ bí omi ọsàn. Ní ti Oríṣi Kìíní, èròjà kan tí à ń pè ní bórọ́ọ̀nù ló gba ipò ọ̀pọ̀ sódà náà. Òun ló yẹ ọ̀pọ̀ jù lọ abẹ́rẹ́ olómi.

Síbẹ̀, Oríṣi Kìíní pàápàá ní ibi tó kù sí, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó léwu jù wà. Oògùn tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe dà bí omi éérú) bá ju 8 lọ, bí abẹ́rẹ́ furosemide, lè jẹ gíláàsì. Iyọ̀ fọ́síféètì àti sítíréètì sì ń dá kún un. Ìsàlẹ̀ ìgò ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá gíláàsì oníhò ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìgò wọ̀nyí, iná ni wọ́n sì fi ń dí ìdí rẹ̀. Bí iná náà bá le jù, sódà àti bórọ́ọ̀nù á gbéra bí oru, wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ ara ìgò lókè ìdí, ibẹ̀ á sì di aláìlágbára. Tó bá yá, ojú gíláàsì á máa ṣí, ìpẹ́ tín-ín-rín tó ń dán á máa léfòó nínú oògùn tí wọ́n fẹ́ gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Fífọ ìgò dáadáa kò lè dá èyí dúró. Láti mọ̀ bóyá ó máa ṣẹlẹ̀, oògùn náà gan-an la ń rọ sínú ìgò náà gan-an, a ó gbé e sínú ooru 40°C fún oṣù 6, àwọn kan lóròó, àwọn kan ní ìdojúdé, a ó sì máa yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ iná.

Ìwọ̀n ìgò ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹ wo artesunate 60 mg, abẹ́rẹ́ ibà tí ilé ìwòsàn Èkó mọ̀ dáadáa. Ìyẹ̀fun ni. Mílílítà 1 omi bicarbonate ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, kí wọ́n tó fi mílílítà 5 omi iyọ̀ lé e bó bá jẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ó di 6, ó sì tún ń hó. Ìgò tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ 2R, tó kún dẹ́nu ní mílílítà 4, kò lè gbà á. 6R, tó kún dẹ́nu ní 10, lè gbà á. Ẹnu 2R jẹ́ mílímítà 13, ti 6R jẹ́ 20, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ ìgò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rọ́bà àti ìdérí alumíníọ̀mù pẹ̀lú.

Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ wà fún oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń bà jẹ́ nìkan, torí ó ń mú kó ṣòro láti rí ìdọ̀tí inú oògùn.

Bí kọ̀nténà bá ti Àpápá dé, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. A ń lọ̀ díẹ̀ nínú ìgò náà bí yanrìn, a ń sè é nínú omi mímọ́ ní 121°C fún ìṣẹ́jú 30, a sì ń fi ásíìdì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.02 M wọn sódà tó jáde. Oríṣi Kìíní kò gbọ́dọ̀ gba ásíìdì ju mílílítà 0.1 lọ fún gíráàmù 1. Àwọn méjì yòókù lè gbà tó 0.85. Ìdánwò yìí kò lè ya Kejì kúrò lára Kẹta, torí lílọ̀ ti tú inú gíláàsì síta. Odindi ìgò la ń rọ omi sí fún ìyẹn, fún ìṣẹ́jú 60 nínú ooru kan náà.

Lásìkò òjò ní Èkó, ọ̀rinrin lè fa sódà jáde lára Oríṣi Kẹta nínú páálí tí a kò tíì tú, funfun bí èéfín á bo ara ìgò. Orí pálẹ́ẹ̀tì ni kí páálí wà, kó má kan ògiri, èyí tó bá sì kọ́kọ́ dé la ń kọ́kọ́ lò.