Bàbá oníkùn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín yẹn kọ́ ni Buddha o

Ère bàbá apárí tó gbé ikùn ńlá síta tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n máa ń gbé sí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́ẹ bá bi á ní Buddha ni. Rárá o, òun kọ́. Budai ló ń jẹ́, monk ará Ṣáínà tó gbé láyé ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, àpò aṣọ tó máa ń gbé kiri ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n gbà níbẹ̀ pé Maitreya ló para dà wá, ìyẹn Buddha tí wọ́n ṣì ń retí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn.

Buddha gan-an, ẹni tó dá ẹ̀sìn Buddha sílẹ̀, ni Siddhartha Gautama, ọmọ ilé ọlá láàárín ẹ̀yà Shakya, Lumbini ní Nepal òde òní ni wọ́n bí i sí, ó ti lé ní 2,400 ọdún. Nígbà tó kúrò nílé, ààwẹ̀ tó gbà pọ̀ débi pé àwọn agbẹ́kùúta Gandhara, ilẹ̀ àtijọ́ kan ní agbègbè Pakistan òde òní, gbẹ́ ère ẹ̀ kan, ìlú Lahore ní Pakistan ló wà báyìí, téèyàn lè ka egungun ìhà ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ikùn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ojú ti wọnú. Ó padà jẹun kó tó lọ jókòó sábẹ́ igi ní Bodh Gaya ní India, níbi tó ti di Buddha, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ oúnjẹ jẹ, tí kì í fẹnu kan oúnjẹ mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ibo ló ti máa rí irú ikùn yẹn?

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn agbẹ́kùúta àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ gbẹ́ ara ẹ̀ rárá. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn ní Sanchi, ojúbọ àtijọ́ ẹ̀sìn Buddha kan ní India, nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n gbẹ́ ẹ: òru tó sá kúrò láàfin ni wọ́n ń sọ, ẹṣin ẹ̀ ń jáde nílùú, ẹnikẹ́ni ò sí lẹ́yìn ẹṣin yẹn, síbẹ̀ wọ́n ṣí agboòrùn sókè orí òfìfo yẹn bí ẹni pé ọba ló jókòó síbẹ̀, ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, ipasẹ̀ méjì lèèyàn máa rí tí ìránṣẹ́ ẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún. Ní Bharhut náà, ojúbọ àtijọ́ mìíràn ní India, wọ́n kọ ọ́ sára òkúta pé ọba Ajatashatru ń forí balẹ̀ fún Olúwa, ìyẹn Buddha, ohun tó wà níwájú ọba ò ju ìjókòó tó ṣófo àti ipasẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò mọ ère gbẹ́ o, torí erin, ọba, obìnrin tó dì mọ́ ẹ̀ka igi, gbogbo ẹ̀ ló wà ní Sanchi yẹn tó dà bíi pé wọ́n fẹ́ mí.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn Jésù kí ère ẹ̀ bí èèyàn tó wá pọ̀, ní Mathura ní India àti ní Gandhara, lábẹ́ àwọn ọba Kushan tó ń jọba lórí agbègbè méjèèjì. Kanishka, ọ̀kan nínú àwọn ọba yẹn, tiẹ̀ fi í sára owó wúrà, ó wà lórí ìdúró, wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ "Boddo", ìyẹn Buddha, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò sanra níbẹ̀. Etí ẹ̀ ló máa ń gùn nínú àwọn ère yẹn, torí yẹtí wúrà tó wúwo tó ti fi sétí nígbà tó ṣì wà láàfin, ó ti bọ́ wúrà yẹn sọnù, ihò etí ló kù.