Iye tí olùdíyelé kọ kì í ṣe iye kan ṣoṣo tí ilé ní

Ọ̀pọ̀ onílé ní Sùúrùlérè àti Yaba ló gbà pé bí olùdíyelé, ẹni tíṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣírò iye tí ilé tó, bá ti kọ mílíọ̀nù 100 náírà sínú ìwé, iye ilé náà nìyẹn, níbikíbi, nígbàkígbà. Bí báńkì bá wá ní mílíọ̀nù 65 lòun rí, wọ́n á ní olè ni. Kò sí olè níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe ló yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ títà ni, olùdíyelé á wá iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ládùúgbò, iye tó wọ ọwọ́ ẹni tó tà á gan-an, kì í ṣe iye tí ajẹ́ǹtì ń pariwo. Bó bá jẹ́ owó ni wọ́n fẹ́ yá lórí ilé náà, báńkì máa ń bèèrè iye kejì pẹ̀lú: èélòó ni ilé yìí máa mú wá bó bá di kíá-kíá, tí kò sáyè àtidúró de oníbàárà gidi? Ìyẹn gbọ́dọ̀ kéré.

Ti adójútòfò tún yàtọ̀ pátápátá. Wọn kì í ka ilẹ̀ mọ́ ọn. Iná kì í jó ilẹ̀. Owó tí títún ilé yẹn kọ́ lónìí máa gbà ni wọ́n ń wá: sìmẹ́ǹtì, irin, bíríkìlà, ayàwòrán ilé, títí kan kíkó àwókù dànù. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dójú rú, torí onílé mìíràn á kàn kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́lé ní 2010 sílẹ̀. Ká ní àtúnkọ́ máa gba mílíọ̀nù 100, àmọ́ 50 ló kọ, tí iná wá ba nǹkan mílíọ̀nù 20 jẹ́. Á rò pé 20 yẹn kò ṣáà tó 50, òun á gbà á pé. Mílíọ̀nù 10 ni wọ́n á san. Ìdajì ilé ló fi síbẹ̀, ìdajì òfò ni wọ́n á bá a gbé. Ó máa ń wà nínú ìwé àdéhùn. Àwọn tó ń kà á ni kò pọ̀.

Owó tí a ná náà kì í fìgbà gbogbo di iye. Táìlì olówó iyebíye ní òpópónà tí omi ń yalé lọ́dọọdún kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbé iye sókè. Ìwé ilé ló ń gbé e, òun náà ló ń fà á lulẹ̀: lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i bí ilé tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) bá fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí olórí ẹbí kò tíì fọwọ́ sí títà rẹ̀, ta ló fẹ́ kówó gidi lé e?

Ẹni tó ń ri òkúta ààlà kọ́ ni olùdíyelé, iṣẹ́ méjì ni. Olùdíyelé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùdíyelé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ìwé rẹ̀ bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n díye lé ilé náà àti ohun tí wọ́n torí ẹ̀ díye lé e, kí ẹ tó wo iye.