Bí a ṣe ń la ìmóoru ayé yé ọmọdé ní Èkìtì

Ilẹ̀ àpáta ni Èkìtì. Láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta ti ń wo ìlú láti òkè, títí dé àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ká, ọmọ tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ti mọ ìdajì àlàyé ìmóoru ayé, ìyẹn bí ayé ṣe ń gbóná sí i, kí àgbàlagbà tó la ẹnu. Kí ó padà lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àpáta náà nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀. Á ṣì gbóná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọlé lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń gbà á mu, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á máa tú u sílẹ̀ padà sókè, ní ooru tí ojú kò lè rí.

Ibo wá ni ooru yẹn ń gbà lọ? Ọyẹ́ ló dára jù láti fi dáhùn. Ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, oòrùn ọ̀sán lè mú gan-an, síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á ti ká jọ sábẹ́ aṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ẹ̀wẹ̀, nígbà tí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, òru máa ń móoru débi pé oorun kì í wá bọ̀rọ̀. Oòrùn kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, kò sí ìkùukùu, ooru ilẹ̀ sì ń ráyè sá lọ. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kún fún ọ̀rinrin tó ń dá ooru dúró, tó sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sílẹ̀. Ohun tó kù ni kí ọmọ gbọ́ pé ọ̀rinrin nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Carbon dioxide àti methane, àwọn gáàsì inú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, ń ṣe é tọ̀sán-tòru, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò.

Kò yẹ kí ọmọ kúrò níbí pẹ̀lú èrò pé nǹkan burúkú ni wọ́n. Bí kò bá sí àwọn àti ọ̀rinrin náà, ìwọ̀n ìgbóná ayé ì bá wà ní nǹkan bíi -18°C dípò 15°C, omi ì bá sì dì. Bí aṣọ ìbora ni wọ́n ṣe rí: ọ̀kan tó, mẹ́rin á mú ni làágùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, kó carbon dioxide sínú ìgò, ó gbé e sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀. Ti carbon dioxide gbóná jù, ó sì pẹ́ kó tó tutù. Láti 1958 ni wọ́n ti ń wọn carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nǹkan bíi 315 ni nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí.

Orísun rẹ̀ ni àlàyé ti máa ń dàrú. Ọmọ á gbọ́ pé èéfín ló fà á, á wá yíjú sí ààrò ìyá rẹ̀. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ níbí. Inú afẹ́fẹ́ ni igi ìdáná ti fa carbon rẹ̀, èròjà tó wà nínú carbon dioxide, nígbà tó ń dàgbà. Bí a bá sun ún, carbon náà padà síbi tó ti wá, igi mìíràn tó ń hù á sì tún fà á. Epo bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Carbon inú rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kò sí nínú ìṣírò afẹ́fẹ́ mọ́. Bí a bá wà á jáde tí a sì sun ún, àfikún gidi ni, bẹ́ẹ̀ sì ni èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì. Igi náà ń di àfikún bí àwọn agégẹdú bá gé igbó lulẹ̀ tí kò sì sí ẹni tó jẹ́ kó hù padà. Èéfín ààrò ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sì dáa kí a da méjèèjì pọ̀ mọ́ ọmọ lórí.

Àwọn àgbà kan a tún máa sọ pé ozone ló lu. Ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ ara ni ozone. Àdéhùn Montreal ti 1987, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi fòpin sí àwọn kẹ́míkà tó ń bà á jẹ́, ti mú kí ó máa sàn bọ̀, ooru ayé sì ń pọ̀ sí i síbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ Èkìtì lè bi ni: "Mọ̀mí, ṣé ìmóoru ayé ló mú omi Ìkògòsì gbóná?" Ìbéèrè olóye ni. Ooru omi yẹn ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, ó sì ti ń sun kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó dé ayé. Ti ìmóoru ayé ń ti òkè wá.

Ooru ayé ti fi ohun tó lé ní 1°C ju ti àárín 1850 sí 1900 lọ. Ó dà bíi kékeré létí ọmọ. Ṣùgbọ́n fún 1°C kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ fi gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà ilẹ̀ ń yára gbẹ, òjò tó bá sì wá rọ̀ á máa rọ̀ lójijì, á di àgbàrá. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè tán tó ń wojú òjò, àti ẹni tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adó, ohun kan náà lè mú ìṣòro méjèèjì le sí i. Òjò ọjọ́ kan kò tó ẹ̀rí, nítorí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń ka irú àyípadà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù máa ń bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi òpin ayé dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́fà. Àpáta àti ọyẹ́ tó fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á béèrè ta ló fà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ òtítọ́: ó ju ìdá kan nínú mẹ́fà àwọn ènìyàn ayé lọ tó ń gbé Áfíríkà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí epo, gáàsì àti èédú ń tú jáde lọ́dọọdún ló ti ibẹ̀ wá. Bó bá fẹ́ gbin igi, kó gbìn ín, ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún un pé igi rẹ̀ ló máa tún ayé ṣe.

Ọmọ tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì á béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe. Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́, ó sì ṣèlérí pé tó bá di 2060, ohun tí òun ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju ohun tí òun ń fà padà lọ. Ọmọ tó pé ọdún 10 ní 2025 yóò ti pé 45 nígbà náà. Kí ó mọ ọdún yẹn sórí, kó sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò rẹ̀ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ náà dé.