Òòlù Kékeré Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú Dání Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Land Rover Àtijọ́

Ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí ẹnìkan má wá bá mi nínú ọgbà mẹkáníìkì wa ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwòrán Land Rover àtijọ́ lórí fóònù rẹ̀. Bóyá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ìjọba kan ni ó ti rí i, bóyá inú oko kòkó bàbá rẹ̀ ni. Koríko ti bò ó dé ojú fèrèsé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jò, owó tí wọ́n sì ń béèrè lórí rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó fẹ́ rà á kò fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ó tó san án. Ohun tí gbogbo wọn máa ń bi mí ni bóyá ẹ̀ńjìnì rẹ̀ ṣì lè jí. Ẹ̀ńjìnì yẹn kì í dẹ́rù bà mí. Èyí tó ń lo bẹntiróòlù, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,286 cc, rọrùn láti tú palẹ̀, ó sì rọrùn láti tò padà. Irin tó gbé ọkọ̀ náà dúró, èyí tí à ń pè ní ṣáásí, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí òun ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ ni ẹ rà tàbí ẹrù àwọn tó ń ra àjákù irin.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ojú Land Rover fi ń tan ènìyàn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ìlú Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948, kò tíì pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n ni ìjọba fi ń pín in fún àwọn ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí irú ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ lórí alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù ni wọ́n wá fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara ọkọ̀ náà, alumíníọ̀mù kì í sì í dípẹtà bí irin ṣe ń dípẹtà. Nítorí náà ni ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún nínú òjò fi lè dúró síbẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì dán, nígbà tó jẹ́ pé irin tó wà nísàlẹ̀ ti jẹrà. Bí ẹ bá fi òòfà kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ibi tí òòfà bá ti lẹ̀ ni kí ẹ fi ọkàn sí: ṣáásí, férémù tó wà nínú ìlẹ̀kùn, àti ògiri iwájú tó la ẹ̀ńjìnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ láàárín.

Series III, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1971 títí di 1985, ni ó pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn awọ̀nlẹ̀, àwọn olùṣọ́ igbó ọba, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn àti àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n lò ó, ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn níbí sì to díẹ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí èyí tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ rántí pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè wa yí padà sí wíwa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún títì. Ó ṣeé ṣe kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọjọ́ orí tí ẹni tó ń tà á pè é lọ, tàbí kí ó jẹ́ tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rìn lórí iyọ̀, nítorí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú kí irin dípẹtà. Iyọ̀ a máa mú kí iṣẹ́ wọn yá kánkán. Ọkọ̀ tó bá dàgbà sí etí òkun ní Èkó tàbí ní Bàdágìrì náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òpó gígùn méjì ni ṣáásí Land Rover yìí ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ àpótí tí inú rẹ̀ ṣófo. Pẹlẹbẹ irin tí nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ ni wọ́n jó pọ̀ mọ́ra wọn tó fi di àpótí. Ẹrẹ̀ àti omi a máa gba àwọn ihò rẹ̀ wọlé. Ìta á gbẹ nínú oòrùn, inú á sì wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ síta, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà, tí onílé kò ní mọ̀ títí ìka rẹ̀ yóò fi wọlé sára igi náà.

Òòlù kékeré àti skrúdíráfà tó ní orí pẹlẹbẹ ni mo máa ń mú lọ. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀, kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà níbi tó dúró sí. Ẹ má ṣe gbé e sórí jáàkì kí ẹ sì wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ibi tí ẹ fẹ́ fi jáàkì sí yóò gbà á. Ẹ máa fi òòlù lu ṣáásí náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ àti nísàlẹ̀. Irin tó yè á dáhùn “gán”, ohùn rẹ̀ á mọ́, òòlù á sì ta padà lọ́wọ́ yín. Irin tó ti jẹrà á dáhùn “pọ̀”, bí ìgbà tí ènìyàn lu páálí tí òjò pa, eruku pupa á sì máa dà sí yín lójú. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, ẹ fi skrúdíráfà tì í. Irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àwọn apá irin kéékèèké tó na jáde láti di ara ọkọ̀ mú lábẹ́ ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ibi tí sípíríńgì fara kọ́. Àárín, lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ló sábà máa ń yè jù, nítorí ọ́ìlì tó ń jò láti ọjọ́ pípẹ́ ti fi ọ̀rá pa á lára.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé èyí tó ti rà wá fún mi pé kí n bá òun tún ẹ̀ńjìnì rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun ṣáásí náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ń dán gbinrin. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fi skrúdíráfà tì í nítòsí sípíríńgì ẹ̀yìn, ó sì wọlé dé ìdí. Nígbà tí mo fà á jáde, ìwé ìròyìn ló tẹ̀ lé e: wọ́n ti ká bébà bọ inú ihò náà, wọ́n fi púùtì dí ojú rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Bàbá náà jókòó sórí táyà kan, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Owó wẹ́dà nìkan ju ìlọ́po méjì owó tó fi ra ọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ṣáásí tí ìpẹtà rẹ̀ hàn gbangba wù mí ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi òòlù kan ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi owó yín rà.

Kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ni ó yẹ kí ó lé yín sá. Èyí tó wà lójú ásùlù, lára sípíríńgì àti lórí nọ́ọ̀tì kò ju kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á kúrò lọ. Irin ìdábùú ẹ̀yìn tó ti jẹ tán àti àwọn apá kéékèèké náà ṣeé gé kúrò, kí a sì jó tuntun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òpó gígùn méjèèjì bá ti rọ̀, tàbí bí ìjẹrà náà bá dé ibi tí sítíárì àti sípíríńgì iwájú ti di ṣáásí mú, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni kí ẹ san, ẹ má ṣe san owó ọkọ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ẹ tún dán ìwakọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wò, nítorí òun ni ẹ torí rẹ̀ ra ọkọ̀ yìí. Nínú Series III, ọ̀pá kékeré tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò ni a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ kí agbára lè dé ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀pá pupa ni a sì ń fà sẹ́yìn fún agbára ẹrẹ̀ àti òkè. Orí ilẹ̀ rírọ̀ ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, kò sì sí ohun tó wà láàárín wọn nínú ọkọ̀ yìí tí yóò gba ìyàtọ̀ náà mọ́ra. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á sì tu gíábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n lórí títì ọlọ́dà, gíà ni yóò fara gbá a.

Ní ti ìwé, kúkúrú ni ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásí mọ́ irin tó di sípíríńgì iwájú mú ní apá ọ̀tún. Ẹ ha ìpẹtà ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì fi í wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ìjọba tà ní gbàǹjo, ẹ béèrè ìwé gbàǹjo náà kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti délé, ẹ má ṣe sáré tú u. Ẹ ya àwòrán ibi gbogbo, ẹ kó nọ́ọ̀tì ibi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ibi tó ti wá sí i lára. Bí nọ́ọ̀tì bá gan, ẹ fi dísù rin ín fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó fi ṣípáànà kàn án. Kí wẹ́dà tó tanná, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ sì yọ táńkì epo kúrò pátápátá. Nínú Land Rover kúkúrú, abẹ́ ìjókòó iwájú ni táńkì wà. Ẹ má ṣe gbà pé táńkì náà ti gbẹ. Oru epo tó kù nínú táńkì tó ṣófo ni ó máa ń gbaná, ó sì lè pa ènìyàn.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó yẹ kí ẹ dúró tì. Ó gbọ́dọ̀ gé irin tó jẹrà títí yóò fi dé ibi tó mọ́, tó ń tàn, kí ó tó jó tuntun mọ́ ọn. Ẹni tó bá lẹ pẹlẹbẹ irin mọ́ orí ìpẹtà kàn bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Kí ó máa jó o díẹ̀díẹ̀, ní apá ọ̀tún, ní apá òsì, kí iná má baà ká ṣáásí kò. Kí ó má ṣe gé ògiri iwájú àti ṣáásí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀kan ni ó ń mú èkejì dúró ní títọ́, ìlẹ̀kùn kò sì ní bá ara rẹ̀ mu mọ́. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kun ìta pẹ̀lú ọ̀dà tó ní síńkì, kí ẹ sì fọ́n ìda tàbí gírísì tí ẹ yọ́ lórí iná sínú ṣáásí. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù sí i. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ásíìdì àti omi ti wà nínú ọ́ìlì tí ẹ̀ńjìnì ti lò, ó sì máa ń ba rọ́bà inú sípíríńgì jẹ́.

Ibi tí alumíníọ̀mù ti fara kan irin ni ọ̀pọ̀ panẹ́ẹ̀bítà kì í bìkítà fún. Bí omi, pàápàá omi oníyọ̀, bá wà láàárín àwọn méjèèjì, wọn á di bátìrì kékeré, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ ara rẹ̀ tán. Lúbúlúbú funfun tí ẹ ń rí ní ìdí ìlẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ fi ọ̀dà bo ojú àwọn méjèèjì, kí ẹ sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ sáàárín wọn kí ẹ tó di bóòtù.

Búrẹ́èkì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀ńjìnì. Omi búrẹ́èkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí páìpù irin rẹ̀ fi ń jẹrà láti inú. Ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù náà àti gbogbo rọ́bà rẹ̀, kódà bí ojú wọn bá dára. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá jí ẹ̀ńjìnì, kí ẹ sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lítà bẹntiróòlù kan kì í gbé e kọjá nǹkan bíi kìlómítà 6 tàbí 7. Ọ̀dà ara ló kẹ́yìn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe náwó lé e lórí ní ọdún àkọ́kọ́.

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, nínú oṣù kọkànlá, ẹ tún wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú òòlù kan náà. Ẹ lu gbogbo ibi tí wẹ́dà jó, kí ẹ sì da omi mímọ́ sínú ṣáásí láti iwájú, kí ẹ máa wo ihò ẹ̀yìn. Bí omi náà bá jáde ní mímọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tún fọ́n ìda sí i. Bí ó bá pupa bí omi osùn, ẹ padà sọ́dọ̀ wẹ́dà kí oṣù náà tó tán.