Áàpù Tí A Bá Lórí Fóònù Tuntun: Ọ̀nà Wo Ni A Lè Gbà Mú Un Kúrò?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Bí mo ti ṣí i, mo bá géèmù mẹ́ta, áàpù ìròyìn kan àti ilé ìtajà áàpù mìíràn lórí rẹ̀. Ta ló kó wọn síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni, tàbí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó tà á. Owó ló wà nídìí rẹ̀: àwọn tó ni áàpù máa ń sanwó kí ọjà wọn lè wà lójú ẹni tó ra fóònù, pàápàá fóònù olówó pọ́ọ́kú tí èrè orí rẹ̀ kéré. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àjọ European Commission, tó ń ṣàkóso fún ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 4.34 yúrò lé Google lórí, lára ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé ó ń fi dandan lé e kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ Play Store, ilé ìtajà áàpù Google, lórí fóònù tó ń ṣe kó Chrome àti Google Search mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 4.125 ní ọdún 2022.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn kan ní Uninstall (yọ ọ́ kúrò), tó sì jẹ́ pé Disable (dá a dúró) nìkan ni mo rí lára àwọn mìíràn?

Ìdáhùn: Ẹ fi inú Android, ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì yín, wé ilé tí ẹ háyà, tí onílé kó ẹrù tirẹ̀ sí yàrá kan, tó tì í, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Inú yàrá títì náà ni ètò Android fúnra rẹ̀ ń gbé. Fóònù lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Yàrá tó kù ni tiyín, ibẹ̀ ni àwòrán, WhatsApp àti gbogbo áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà wà. Áàpù tí wọ́n bá kó sí yàrá tiyín yóò ní Uninstall. Èyí tó bá wà ní yàrá títì kò ní ju Disable lọ, àwọn kan kò tilẹ̀ ní in. Ẹ má fojú kéré Disable o. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ wá orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Disable. Láti ìgbà náà lọ, kò ní ṣiṣẹ́, kò ní jẹ dátà tàbí bátìrì, àmì rẹ̀ yóò sì kúrò lójú fóònù.

Ìbéèrè: Ṣé àyè inú tábúlẹ́ẹ̀tì mi yóò pọ̀ sí i nígbà náà?

Ìdáhùn: Àyè yàrá títì kò lè di tiyín. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ bá gba àfikún tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yàrá tiyín ni àfikún náà ń gbà, ti àtijọ́ sì wà níbi tó wà, tó fi di pé áàpù kan gba àyè méjì. Àbúrò mi ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. 32 GB ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù mẹ́ta, kò gba fídíò ẹ̀kọ́ kankan mọ́. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Áàpù kan tí ẹnikẹ́ni kò lò rí nínú ilé náà gba 410 MB. Mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, mo yan Uninstall updates, ó sì wálẹ̀ sí 60 MB. Nígbà tí mo ṣe mọ́kànlá bẹ́ẹ̀ tán, àyè tó ju 2 GB ti ṣí sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé owó dátà àbúrò mi ni gbogbo àfikún wọ̀nyẹn fi wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé a lè fi kọ̀ǹpútà yọ èyí tí kò gba Disable.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ní About tablet, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje léraléra kí Developer options lè hàn, ẹ tan USB debugging, kí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ADB, irinṣẹ́ Google tí a fi ń pàṣẹ fún fóònù láti orí kọ̀ǹpútà, wà lórí rẹ̀. Àṣẹ tí ẹ óò tẹ̀ ni adb shell pm uninstall --user 0, kí orúkọ inú áàpù náà, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú com, tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, áàpù náà kò kúrò nínú yàrá títì. Fóònù kàn yọ ọ́ fún yín ni, bí ẹ bá sì ṣe factory reset, ìyẹn dídá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, yóò padà wá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn, nítorí àṣìṣe ṣeé tún ṣe. Ti root, ìyẹn gbígba kọ́kọ́rọ́ yàrá títì náà fúnra ẹni, ni n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀: ọ̀pọ̀ áàpù báńkì kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì lè kọ̀ láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n má fọwọ́ kàn?

Ìdáhùn: Ẹ fi Google Play services (tí ọ̀pọ̀ áàpù gbára lé), System UI (tó ń gbé ohun ojú fóònù hàn) àti kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, nítorí bí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ẹ ní bá lọ, ẹ kò ní lè tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín pàápàá. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ máa dá dúró lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lo tábúlẹ́ẹ̀tì náà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kan òmíràn, nítorí bí nǹkan kan bá dà rú, ẹ óò ti mọ èyí tó fà á.